Rákẹ́ẹ̀tì Ọlọ́wọ́ Kékeré

Abẹ́ ìborùn ni Àràmọ́tù gbé rákẹ́ẹ̀tì náà sí nígbà tí ó gun ọ̀kadà ní Zongo, ní ìlú Parakou. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ há a mọ́ ìhà bí ẹni há adìyẹ tí kò fẹ́ kó ké. Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn, ó rí bí aṣọ ṣe gbé sókè.

"Màmá, kí lẹ gbé sábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Ọ̀pá tí mo fi ń gbé aṣọ sọ̀ kalẹ̀ ní ìsọ̀ ni. Máa wo iwájú."

Ọmọkùnrin náà wo iwájú. Ohùn Àràmọ́tù kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí ó ti ń ta aṣọ ní Zongo ni àwọn oníbàárà ti mọ̀ pé iye tó bá pè náà ni iye rẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín kó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ìyá Ojú-Le ni àwọn ọmọ ọjà ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́, kò sì dùn ún. Ojú líle ló fi kọ́ ilé, ojú líle náà ló fi rán Sàlmà, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnú. Kí ẹlẹ́rìn-ín náà wá ka tirẹ̀.

Ìjẹta ni ó jáde opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ ni ó fi jókòó sílé nítorí ikú Sàlmànù ọkọ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìsọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ ṣí. Rárá o. Pápá tẹ́níìsì tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ń lọ, ibi tí Sàlmànù ń lọ ní gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àràmọ́tù kò tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ rí.

Ogún pínpín ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé wọn, bí àdúrà ogójì ọjọ́ bá ti parí, wọn á kó ẹrù ara òkú jáde sí àgbàlá, àwọn ọkùnrin ilé á sì máa wọ̀ ọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá bá ara rẹ mu, ó di tìrẹ. Kò sí pé mo dàgbà jù ọ́, kò sí pé èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Bí bàtà bá há, o bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wọn fi ń yẹra fún ìjà nìyẹn, ó sì máa ń mú ẹ̀rín wá, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè wo ẹni tó sanra tó ń bá ẹ̀wù òkú jìjàkadì tí a ò ní rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti pín agbádá, fìlà àti bàtà tán kí wọ́n tó kan rákẹ́ẹ̀tì méjì. Èyí àkọ́kọ́ ti gbó, ó wúwo, òógùn ọwọ́ Sàlmànù sì ti sọ ibi ìdìmú rẹ̀ di dúdú. Sàífùlláhì, àbúrò olóògbé, mú un dání, ó kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á máa fi lé ewúrẹ́, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ó wá tú àpò kejì. Tuntun ni èyí, ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ fẹ̀ bí awo, ṣùgbọ́n ibi ìdìmú rẹ̀ kéré. Sàífùlláhì mú un, orí ìka rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé e, kò bá a mu. Wọ́n gbé e yí àgbàlá ká, kò bá ọwọ́ ọkùnrin kankan mu.

"Ọwọ́ obìnrin ni wọ́n ṣe èyí fún," ni Sàífùlláhì wí, kí ó tó rántí pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Gbogbo wọn wolẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wo Àràmọ́tù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá rẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé wọ́n jẹ́ ẹlẹ́nu búburú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn àgbà kú, ilé ni wọ́n ti pín tán kí obìnrin kan tó ti ìlú Màlánvíìlù dé pẹ̀lú ọmọ méjì, tí orí àwọn ọmọ náà sì jọ ti bàbá wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sàífùlláhì wá bá a.

"Ìyá Sàlmà, ẹ má bínú. A ò ní pín ilé títí a ó fi mọ̀ bóyá ẹnìkan wà níta. Bí obìnrin kan bá wà, Ọlọ́run ti ya ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀."

"Mo gbọ́, ọkọ mi," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni rákẹ́ẹ̀tì ti fara ti ògiri iyàrá rẹ̀. Opó kì í jáde lọ wádìí ọ̀rọ̀, nítorí náà ó jókòó tì í, òun àti rákẹ́ẹ̀tì náà ń wo ara wọn. Bó bá fẹ́ gbálẹ̀, ọrùn rẹ̀ ló máa ń fi ìka méjì gbé, bí ẹni gbé òkú eku. Kò fọwọ́ kan ibi ìdìmú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ni ibẹ̀. Ní àsìkò tí ó yẹ kó máa sunkún ẹni tó kú, ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun mọ̀ rí ló tún ń sunkún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ó bá ra rákẹ́ẹ̀tì fún un, kí ló tún rà?

Bí a bá sì ń wá nǹkan, a kì í ṣàìrí i. Ó rántí pé ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Sàlmànù ń bá òun ṣeré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀ náà, ọkùnrin tó lè fi ẹ̀rín ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ Fúlàní, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn yàtọ̀. Ó wá sí ìsọ̀ ní ọ̀sán kan tí òun na ọ̀pá sókè láti gbé aṣọ kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí òun dúró bẹ́ẹ̀, kí òun má mira. Ni ó bá ti ìka bọ àárín orí ìka òun àti àtẹ́lẹwọ́ òun níbi tí òun ti di ọ̀pá mú, lójú gbogbo oníbàárà!

"Bàbá Sàlmà, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n tajà!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde, ó na ìka náà sókè bí ẹni tó gbé ẹyin. Àràmọ́tù pòṣé tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó wà nínú opó ni ó tó wá rántí ohun tí àwọn obìnrin máa ń sọ, pé ọkùnrin tó bá ní ẹlòmíràn níta, ti ilé ló máa ń bá ṣeré jù.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò, tó gé irun mọ́lẹ̀, dúró sẹ́nu géètì, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí bàbá rẹ̀ gbé. Wọ́n ní Motọ́láyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, pé ọmọ Kétu ni, olùkọ́ ní yunifásítì, tí òun àti Sàlmànù jọ máa ń gbá tẹ́níìsì. Èrò Àràmọ́tù kò gùn. Yóò fi rákẹ́ẹ̀tì náà sí i lọ́wọ́. Bí ó bá bá a mu, ọ̀rọ̀ parí.

Ó gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù kí ó tó rí pápá náà. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ ti sán, wọ́n ti fi okùn lẹ àwọ̀n àárín rẹ̀ níbi tó ya, igi dóńgóyárò ńlá kan sì ṣíji bo apá ọ̀hún. Ibí yìí ni? Ibi tó ń gba ọkọ òun lọ́wọ́ òun ní gbogbo Àbámẹ́ta, ibi tí òun rò pé yóò ní ìlẹ̀kùn onígíláàsì àti àwọn obìnrin tó kun ètè, ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí nìyí?

Motọ́láyọ̀ rí i. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbá, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì gbígbóná.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. A fẹ́ wá kí yín, wọ́n ní ẹ ò tíì jáde."

Àràmọ́tù fa rákẹ́ẹ̀tì yọ lábẹ́ ìborùn, ó mú un lọ́rùn, ó nà án sí i.

"Gbà. Mú un dání."

Motọ́láyọ̀ dìde, ó mú un dání. Ọwọ́ obìnrin náà gùn, ó tóbi. Ìka rẹ̀ yí ibi ìdìmú po, ó sì kọjá. Ó kéré fún un bí ó ti kéré fún Sàífùlláhì.

Inú Àràmọ́tù kò balẹ̀ bí ó ti rò pé yóò balẹ̀. Bí kì í bá ṣe èyí, ta wá ni? Ìlú Parakou tóbi. Ṣé ilé dé ilé ni yóò máa gbé e kiri, tí yóò máa bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n na ọwọ́?

Motọ́láyọ̀ yí rákẹ́ẹ̀tì náà padà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì kígbe.

"Áà! Èyí tí a jọ yàn nìyí! Ṣé wọn ò tíì fún un títí wọ́n fi... Hàà, Bàbá!"

"Fún ta ni?"

"Wọn ò dárúkọ, Màmá. Èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n bá àwọn rà á nígbà tí mo lọ sí Kútọnú. Mo wà ní ìsọ̀, mò ń ya fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ń dá a padà. Mo mú ọ̀kan tó dáa gan-an. Wọ́n ní ó wúwo, pé ẹni náà, èjìká ọ̀tún rẹ̀ máa ń dùn ún bí ọyẹ́ bá dé. Ó dáa, mo mú èyí tó fúyẹ́. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kò fẹ̀ tó. Mo ní Bàbá, èyí tójú rẹ̀ kéré ló ń gbọ́ràn síni lẹ́nu, òun ni èmi àti ẹ̀yin ń lò. Wọ́n ní ti wa kọ́. Wọ́n ní bí ẹni náà bá fi lè gbá òfo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní padà wá mọ́ láéláé, kí n wá èyí tí bọ́ọ̀lù ò ní lè yẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Okùn rẹ̀ náà, wọ́n ní kí wọ́n má fà á le, kó má baà máa ta á lápá."

Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ tẹ okùn náà, ojú rẹ̀ sì ń ṣe omi.

"A tiẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ní ìyàwó kékeré ni wọ́n ń rà á fún. Wọ́n kàn ń..." Ó bo ẹnu. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹnu mi ò dáa."

Láìmọ̀, ọwọ́ òsì Àràmọ́tù ti wà ní èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé e kúrò níbẹ̀. Èjìká ta ni kì í dùn ún nínú ọyẹ́? Ìdajì àwọn obìnrin Zongo ló ń fi òrí pa èjìká bí ilẹ̀ bá ṣú.

"Ìgbà wo lẹ rà á?"

"Òjò èṣí kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fún un?"

"Mo bi wọ́n, Màmá. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń bi wọ́n. Wọ́n á ní àwọn ń dúró de ọjọ́ tí inú ẹni náà bá dùn." Ó mi orí. "Ṣé ọjọ́ náà kò wá wá ni?"

Àràmọ́tù wo igi dóńgóyárò. Ohun kan wà tó fẹ́ bi í tí kò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ odò dé ọrùn, kí ló tún kù tó ń bẹ̀rù òtútù.

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ bí ọwọ́ ẹni náà ṣe tó?"

"Ìyẹn ò le. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ mi. Ẹ gbà, Màmá, ẹ mú un. Ẹ má mú ọrùn, ibi ìdìmú ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì bọ ibi tó ṣófo yẹn, láàárín orí ìka yín àti àtẹ́lẹwọ́. Bí kò bá ráyè wọlé, ó kéré jù. Bó bá wọlé tó tún láyè, ó tóbi jù."

Àràmọ́tù ti ìka bọ ibẹ̀.

Ó wọlé. Kò há, kò sì láyè. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ó sì mọ ibẹ̀, ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìka kan ti wọ ibẹ̀ rí, ní ọ̀sán gangan, lójú àwọn oníbàárà, tí òun sì ní kí ẹni tó ni ìka náà jẹ́ kí òun tajà. Sàlmànù ti gbé ìka náà jáde ní ìsọ̀, ó nà án sókè kí ìwọ̀n náà má baà sọnù.

Àràmọ́tù jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ igi, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì sí itan, ó sì sunkún. Kò sunkún báyìí ní ọjọ́ ìsìnkú. Ó sun ún pẹ̀lú ohùn, Ìyá Ojú-Le, lójú àwọn akọ̀wé tó wọ ṣòkòtò péńpé wá gbá tẹ́níìsì. Motọ́láyọ̀ ti wo ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú, ó sì ti rí i pé ó bá a mu.

Ọ̀rọ̀ inú dídùn yẹn ló ń pa á jù. Àràmọ́tù wá ọjọ́ náà kiri nínú orí rẹ̀. Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ńkọ́? Èéfín àti àlejò ló fi gbogbo ọjọ́ náà kùn sí. Ọjọ́ tí Sàlmà yege ìdánwò ńkọ́? Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí, ó dùn débi pé kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n kí ló sọ? Ó ní, "Ó ti tó àkókò." Inú rẹ̀ ti dùn rí, ó ti dùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kàn ń kó o pamọ́ ni, bí ó ti ń kó aṣọ tó dára jù pamọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ kí oòrùn má baà pa á láwọ̀. Báwo ni oníbàárà ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ní i? Sàlmànù sì ti kó owó àtirà rẹ̀ wá tipẹ́, ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ilẹ̀ fi ṣú bá a.

"Wá wo wá lọ́jọ́ kan." Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra wọn níyàwó ni Sàlmànù ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Òun á ní kí àgbàlagbà máa sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nínú oòrùn, ṣé ebi ni tàbí èpè? Nígbà tó yá, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Àràmọ́tù rò pé ó ti gbàgbé ni.

Fóònù rẹ̀ dún. Sàífùlláhì ni.

"Ìyá Sàlmà, wọ́n ní ẹ jáde láàárọ̀. Ṣé lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

"Òun ni, ọkọ mi."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Obìnrin ni?"

"Obìnrin ni."

"Irú obìnrin wo?"

"Èyí tí inú rẹ̀ kì í dùn bọ̀rọ̀."

"Láìláhà ílálláhù. Ó bímọ fún wọn?"

"Ọ̀kan," ni Àràmọ́tù wí. "Sàlmà ni orúkọ rẹ̀."

Ìró ọjà Zongo nìkan ló ń ti inú fóònù wá. Nígbà tí Sàífùlláhì tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ní, "Ẹ fi orí jì wá, ìyàwó wa," ó sì pa á.

Àràmọ́tù fi etí ìborùn nu ojú. Ó dìde, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà lọ, ṣùgbọ́n Motọ́láyọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n, ó mú bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́. Kò pè é. Ó kàn dúró.

"Ibo ni wọ́n máa ń dúró sí?" ni Àràmọ́tù bi í.

Motọ́láyọ̀ nàka sí òdì kejì àwọ̀n, níbi tí òjìji igi dóńgóyárò bò.

"Má lọ dúró níbẹ̀."

"Mi ò ní dúró níbẹ̀, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ yín níbí ni màá ti jù ú."

Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀. Sìmẹ́ńtì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró bí ó ti rí i tí àwọn yòókù dúró, ó di rákẹ́ẹ̀tì mú, kò fúyẹ́ jù, kò wúwo. Motọ́láyọ̀ ju bọ́ọ̀lù náà jẹ́jẹ́. Ó ta nílẹ̀, ó gbéra sókè, Àràmọ́tù sì na apá bí ẹni fẹ́ gbé aṣọ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ìsọ̀.

Kò gbá òfo. Bọ́ọ̀lù náà bá ojú rákẹ́ẹ̀tì, kò sì ta á lápá rárá, ó kọjá lórí àwọ̀n, ó sì balẹ̀ sí ibi tí òjìji wà. Ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Àràmọ́tù ń wò ó títí ó fi yí lọ sí ìdí igi, tí ó sì dúró.